Imú Ọmọ Dí: Bí A Ṣe Ń Yan Oògùn Tí Kò Ní Ṣe É Ní Jàǹbá

Ọmọ ọwọ́ kò tíì mọ bí a ṣe ń fi ẹnu mí dáadáa. Bí ọ̀fìnkìn bá dí i nímú, á já ọmú sílẹ̀, á ké, á tún gbá a mú, kò sì ní yó. Kí ẹ tó sáré lọ sí kẹ́mísì, omi iyọ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ se omi mímu kó hó fún ìṣẹ́jú 5, kẹ́ ẹ wọn 50cl nínú rẹ̀. Ẹ po iyọ̀ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣíbí tíì mọ́ ọn, kó má ga lórí ṣíbí. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, á ta ọmọ nímú, kò sì ní gbà kẹ́ ẹ kán an mọ́. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kẹ́ ẹ tó lò ó. Èyí tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù.

2. Ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú oúnjẹ, ẹ dá ọmọ dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ kán ẹ̀kán 2 sí ihò imú kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú kan kí ikun rọ̀. Rọ́bà tí a fi ń fa ikun, ìta ni kẹ́ ẹ ti fún un pọ̀ kẹ́ ẹ tó fi ẹnu rẹ̀ sí imú. Bó bá jẹ́ inú imú lẹ ti fún un, ikun náà lẹ̀ ń tì wọlé yẹn. Ẹ má fà á ju ìgbà 4 lọ lójúmọ́, kí inú imú má baà wú. Ẹ má fi ẹnu fà á rárá, torí àìsàn tó wà lẹ́nu àgbà lè ran ọmọ.

3. Bí kò bá tó, ẹ ka ara páálí oògùn ìkánmú. Xylometazoline 0.1% jẹ́ ti ẹni ọdún 12 sókè, 0.05% ni ti ọmọdé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 kò gbọdọ̀ lò ó àfi bí dókítà bá ní kó lò ó: bó bá pọ̀ lára ọmọ kékeré, oorun àìdáa lè gbé e lọ, kí ọkàn rẹ̀ sì máa lù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má lò ó kọjá ọjọ́ 3. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, gbàrà tẹ́ ẹ bá dá a dúró ni imú á dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

4. Ní ti oògùn olómi mímu fún ọ̀fìnkìn àti ikọ́, láti 2009 ni Bìrìtìkó ti ní kí wọ́n má ta irú rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6. Ní September 2023, àwọn onímọ̀ tó ń gba FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, nímọ̀ràn sọ pé phenylephrine tí a ń mu, ìyẹn èròjà tí wọ́n ń fi sínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ láti la imú, kì í la imú. Paracetamol tún wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Tẹ́ ẹ bá tún fún ọmọ ní paracetamol ibà, ó ti di ìlọ́po méjì.

Ẹ má fi Róòbù pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 lára, ẹ má sì kán àdín sí imú ọmọ kankan. Òróró máa ń bá èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń wọnú bó ṣe ń mí, tàbí tí kò lè fa ọmú. Ẹ ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò sunkún: 60 lewu fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, 50 fún ti oṣù 2 sí 11, 40 fún ti ọdún 1 sí 5.

Bó bá jẹ́ ihò imú kan ṣoṣo ló dí, tí ikun rẹ̀ sì ń rùn, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ti ki ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹ̀wà bọ̀ ọ́. Ẹ má kán omi iyọ̀ sí i, torí omi á mú kí ẹ̀wà wú. Ẹ má sì tọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà yọ ọ́.