Bí A Ṣe Ń Kọ Àròkọ Alárìíyànjiyàn Tí Yóò Yí Òǹkàwé Lọ́kàn Padà

Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ó fi ṣe gbogbo àlàyé yìí: "Èdè Yorùbá ló yẹ kí á fi kọ́ ọmọ láti ìwé kìíní dé ìwé kẹfà." Irú ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí ìbéèrè ìdánwò, ó sì ń bẹ lẹ́nu ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá tó ń tajà ní Tákíé fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì dá ṣáká lẹ́nu ọmọ òun. Olùkọ́ ọmọ náà sì ń wò ó bó ṣe ń há ohun tí kò yé e sórí.

Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan, ẹ fa ìlà sí àárín tákàdá. Ẹ kọ "Mo gbà" sí apá kan, "N ò gbà" sí apá kejì, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún da ohun gbogbo tó bá wá sọ́kàn sílẹ̀ lápá méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ pa èyí tí ẹ ò bá rí nǹkan gidi tì lẹ́yìn rẹ́. Apá tí kókó mẹ́ta bá kù sí ni kí ẹ dì mú, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òun lẹ fẹ́ràn. Ohun tí a fẹ́ràn jù ló máa ń nira jù láti gbèjà, torí a ti gbà á gbọ́ pẹ́ débi pé a ò rántí ìdí rẹ̀ mọ́.

Ó kan gbólóhùn ìdúró, ìyẹn gbólóhùn kan tí gbogbo yòókù ń sìn. Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ ni: "Èdè Yorùbá dára, ó sì ṣe pàtàkì fún àwọn ọmọ wa." Ta ni yóò bá yín jiyàn lórí ìyẹn? Bí kò bá sí ẹni tó lè sọ pé irọ́ ni, kì í ṣe gbólóhùn àríyànjiyàn. Ẹ wo èyí wàyí: "Ó yẹ kí Yorùbá jẹ́ èdè ìkọ́ni ní àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí ọmọ tó fi í kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà kì í pàdánù Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀." Ó sọ ibi, ó sọ irú ilé ìwé, ó sọ ìdí. Ẹ yọ "nítorí" àti ohun tó tẹ̀ lé e kúrò, kò ní ku nǹkan kan ju ìfẹ́ ọkàn lọ.

Ìdí ẹ̀rí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi òwe dípò ẹ̀rí. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹṣin kọ́ ni ẹrù. Òwe méjì ti tó fún odindi àròkọ. Ẹ wo ìpínrọ̀ tó ní ẹrù:

"Yorùbá kì í ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́ yòókù. Kíláàsì kejì lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, ó wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì láti ìwé kẹrin. Nígbẹ̀yìn, àwọn tó fi Yorùbá parí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú iṣẹ́ mìíràn. Nítorí náà, òbí tó ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò dí ọmọ òun lọ́wọ́ lè fọkàn balẹ̀."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kókó. Ẹ̀rí tẹ̀ lé e. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ló so ẹ̀rí mọ́ ohun tí a ń jà fún, òun gan-an sì ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò: wọ́n á ju ẹ̀rí sílẹ̀, wọ́n á sá lọ, bí ẹni tó gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà tí kò gbé e wọlé.

Àmọ́ ìpínrọ̀ yẹn ní ihò, alátakò tó gbọ́n yóò sì rí i. Olùkọ́ àkànṣe ló kọ́ kíláàsì Yorùbá ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì kọ ìwé tuntun fún wọn. Ṣé èdè ló ṣe é ni, àbí olùkọ́ àti ìwé? Ẹ má fi èyí pamọ́. Ẹ dín ohun tí ẹ ń sọ kù títí ẹ̀rí yóò fi lè gbé e. Bí ẹ bá kọ pé "Yorùbá nìkan ló ń sọ ọmọ di ọlọ́gbọ́n," ẹ̀rí yìí kò gbé e. Bí ẹ bá kọ pé "a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà láìba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́, bí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá mọ iṣẹ́," ó gbé e dáadáa.

Ẹ̀rí náà tún máa ń gbó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí á máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ẹni tó bá kọ "ìlànà ìjọba ti wí bẹ́ẹ̀" láìwo ọdún ti fi ọ̀bẹ lé alátakò lọ́wọ́.

A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ alátakò kalẹ̀, níbi tó ti lágbára jù. Ẹni tó kọ pé "ẹrú òyìnbó ni àwọn tó fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì" ti bú ìyá Tákíé yẹn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an la fẹ́ yí lọ́kàn padà. Èyí ló dára jù: "Lóòótọ́ ni pé ọmọ tí wọ́n ń sọ Haúsá nílé rẹ̀ ní Sábó lè wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ Yorùbá, yóò sì ṣòro fún un níbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà kì í ṣe èdè ilé rẹ̀. Yorùbá ló ń gbọ́ lọ́jà àti ní pápá eré." Ẹ gbà á ní ibi tó tọ́, kí ẹ tó fèsì. Bí ẹ ò bá rí èsì, ẹ yí gbólóhùn ìdúró padà.

Ní ti ìwọ̀n, bí wọ́n bá ní kí àròkọ tó 450 ọ̀rọ̀, ẹ fún ìbẹ̀rẹ̀ ní 60, kókó mẹ́ta ní 80 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ alátakò àti èsì rẹ̀ ní 100, ìparí ní 50. Kókó tó lágbára ṣìkejì ni kó ṣíwájú. Èyí tó rọ̀ jù, àárín. Alátakò tẹ̀ lé e. Kókó tó lágbára jù gbẹ̀yìn. Nínú 50 ìṣẹ́jú, 10 fún ìrònú, 32 fún kíkọ, 8 fún àtúnkà. Ẹ má mú kókó tuntun wọ ìparí. Ìkíni "Alága, ẹ̀yin onídàájọ́, olùṣọ́ àkókò" jẹ́ ti ìjiyàn orí pèpéle. Bí ìbéèrè kò bá sọ pé ẹ wà níwájú èrò, ẹ má kí ẹnikẹ́ni.

Nígbà àtúnkà, ẹ pa "gbogbo ayé ló mọ̀ pé" rẹ́ níbikíbi tó bá wà, ẹ sì fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, kí ìlú má baà di ìlù. Ẹ ka gbólóhùn àkọ́kọ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan nìkan, láti òkè dé ilẹ̀. Bí wọn kò bá tẹ̀ léra bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan, ètò ti dàrú. Bí àkókò bá wà, tí kì í ṣe inú ìdánwò, ẹ kà á sókè fún ẹnì kan tí kò gba ohun tí ẹ gbà. Níbi tó bá ti rẹ́rìn-ín tàbí tó pòṣé, ẹ fàmì sí i. Ibẹ̀ lẹ ó tún kọ.