Bí ẹ ṣe máa sọ "ká ní" lédè Òyìnbó

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ if yìí o, torí ó ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú gan-an. Ẹ ṣáà mọ̀ pé "tí mo bá lówó" àti "ká ní mo lówó ni" ò jọra létí wa, ti àkọ́kọ́ yẹn owó ṣì lè dé, ti ìkejì kò sówó báyìí rárá, à ń rò ó lásán ni. "Ká ní" yẹn gan-an ni Òyìnbó máa ń fi past tense, ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe ohun tó ti kọjá, sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òní ló ń sọ: If I had money, I would buy a car, ká ní mo lówó ni, ǹ bá ra mọ́tò. Had yẹn kì í ṣe ti àná o.

Past tense lẹ́gbẹ̀ẹ́ if, would ní apá kejì, ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé would ò sì gbọdọ̀ ní -ed. Ibi tá a ti ń ṣìnà jù nìyí: If I would have money. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́.

Tó bá kan ọ̀rọ̀-ìṣe be (am, is, are), were ni kẹ́ ẹ lò, kódà pẹ̀lú I: If I were you, I would call her. Ẹ máa gbọ́ was lẹ́nu àwọn Òyìnbó náà, ṣùgbọ́n were ni kẹ́ ẹ kọ nínú ìdánwò. Could náà lè rọ́pò would: If she lived here, she could help us, ìyẹn ni pé ìbá lè ràn wá lọ́wọ́.