Flag kan tí mo kọ sí ibi tí kò yẹ

Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà níbí ní Kétu, kò jìnnà sí Akaba Ìdénà. Bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá ní Benin lòun náà ń kọ ọ́: ɛ àti ɔ, "kp" àti "sh". Tó bá fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wa ní Ìmẹ̀kọ, wọ́n á ní kíkà rẹ̀ ń ni àwọn lára. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ láíbìrì kékeré kan ní èdè C tó ń sọ "ɔkpɛ́" di "ọpẹ́". Emscripten, irinṣẹ́ tó ń túmọ̀ kóòdù C, ni mo fi sọ ọ́ di WebAssembly, irú kóòdù tí bíráwúsà lè mú ṣiṣẹ́, kó lè máa ṣiṣẹ́ lórí fóònù wọn.

Ìwé olójú kan ò fún un ní wàhálà. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi wá kó gbogbo ìtàn tó gbà lẹ́nu àwọn àgbà sí i pọ̀, ó kú pátá: "memory access out of bounds", ìyẹn ni pé ó fẹ́ dé ibi tó kọjá ààlà mẹ́mórì rẹ̀.

"Àbúrò mi, nǹkan rẹ yìí ò gba ìtàn gígùn o."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fún mi lálẹ́ yìí."

Mo rò pé mẹ́mórì ló kéré, mo fi -sALLOW_MEMORY_GROWTH kún un, flag (àṣẹ tí a ń kọ fún irinṣẹ́ náà) tó ń jẹ́ kí mẹ́mórì lè máa gbòòrò. Kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ kóòdù kan náà, tí mo bá fi gcc (irinṣẹ́ mìíràn tó ń túmọ̀ C) kọ́ ọ lórí Linux mi, ń lọ geerege. Ibẹ̀ ni mo ti fura sí stack, apá mẹ́mórì tí ìwọ̀n rẹ̀ ní ààlà, tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lò fún ìgbà díẹ̀. 8 MB ni Linux máa ń fún un. Emscripten, láti ẹ̀yà 3.1.27, 64 KB péré ni. Bẹ́ẹ̀ orí stack ni mo ti ń ya àyè tó tó ìlọ́po méjì ìwé náà sọ́tọ̀, torí báìtì 2 ni lẹ́tà "ɛ" ń gbà, lẹ́tà "ẹ" sì ń gba 3. Ìwé 40 KB á béèrè 80 KB.

Ohun tó dá mi láàmú ni pé mo ti kọ -sSTACK_SIZE=1MB sínú Makefile, fáìlì tó ní àwọn àṣẹ tí mo fi ń kọ́ láíbìrì náà, látọjọ́ yìí! Mo fi -sSTACK_OVERFLOW_CHECK=2 tún un kọ́, ó sọ ọ́ gbangba pé stack ló kún. Mo bá ṣe "make clean" láti kọ́ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mo ka gbogbo ohun tó tẹ̀ jáde, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan, títí mo fi kan èyí:

linker setting ignored during compilation: 'STACK_SIZE'

Ó ní òun ò ka STACK_SIZE sí, torí ìgbà ìsopọ̀ ló wà fún, kì í ṣe ìgbà ìtúmọ̀. CFLAGS, ìlà àwọn flag ìtúmọ̀ nínú Makefile, ni mo kọ ọ́ sí. Ìyẹn ń bá "emcc -c" lọ, tó ń sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan di .o, kò sì kàn án bí stack ṣe máa tóbi tó. Ìgbà tí a bá ń so wọ́n pọ̀ ni èyí ń di pípinnu. Mo gbé e lọ sí LDFLAGS, ìlà àwọn flag ìsopọ̀, ìtàn náà kọjá. Mo fi -Werror, tó ń sọ ìkìlọ̀ di àṣìṣe tó ń dá iṣẹ́ dúró, sí i, kí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ má bàa tún bọ́ mọ́ mi lójú.

1 MB náà ṣì máa kún lọ́jọ́ kan, nítorí náà mo fi malloc, tó ń gba àyè nínú ìyókù mẹ́mórì, gba àyè ọ̀hún dípò stack. Ibẹ̀ ni ALLOW_MEMORY_GROWTH ti wá wúlò, torí 16 MB ni mẹ́mórì fi ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìtàn náà ti dé Ìmẹ̀kọ, odindi.