Jíà há sí P ní èbúté Tin Can: bí Corolla ṣe gun tírélà

Ìwé tòkúnbọ̀ mi ti pé, ejẹ́ńtì ti parí ti kọ́sítọ́ọ̀mù, a sì ti fi VIN, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ mọ̀, wé ti inú ìwé. Ó ku kó gun tírélà tí mo háyà. Ó kọ̀! Bátìrì ti kú fin-ín, jíà há sí P (páàkì, tó ń de táyà), táyà iwájú ò yí.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi wáyà wọ́ ọ bẹ́ẹ̀." Mo ní rárá o, bọ̀dá dẹ́rẹ́bà. Táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì Corolla ń yí. Ẹni tó bá fipá wọ́ ọ lórí P lè ba jíà jẹ́, owó jíà kì í sì í ṣe owó ẹ̀kọ. Ẹnìkan tún ní ká fi bátìrì tírélà jí i. Agbára iná tírélà jẹ́ fóòtì (volt) 24, ti Corolla jẹ́ 12, ó ti pọ̀ jù!

Mo fa háńbíréèkì sókè, mo yí kọ́kọ́rọ́ kí sítíárìn lè tú. Ìdérí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà, wọ́n kọ SHIFT LOCK sí i. Mo fi sukurudiráíbà ṣí i, mo ki í bọ inú ihò náà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ mi lórí bíréèkì, mo fa jíà sí N (níútírà, tí táyà ti lè yí). Ó bọ́ wẹ́rẹ́, láìsí iná rárá. Mo tú háńbíréèkì, wáyà sì rọra fà á gòkè.

Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la fi bẹ́líìtì dè. Ní Ṣùúrùlérè, bátìrì tuntun ló fi jí.