Ohun Tí Ń Gbóná Kì Í Ṣe Ẹrù Ẹsitẹ́nṣọ̀n
Ìtọ́sọ́nà fún agboolé àti àwọn tó ń sin adìẹ ní Abuja àti agbègbè rẹ̀

Ọ̀pọ̀ yàrá tí àwọn èèyàn wa ń gbé ní Nyanya, Kubwa àti Lugbe kò ní ju ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì lọ. Ẹsitẹ́nṣọ̀n ti di dandan, a kò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ mọ ohun tí agbára rẹ̀ ká. Fóònù, tẹlifíṣọ̀n, rédíò, fáànù àti gílóòbù ni ẹrù rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù, sítóòfù oníná àti hítà gbọdọ̀ lọ tààrà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri.

Iná ilé wa jẹ́ 230 fóòtì. Fúùsì tó tóbi jù nínú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ 13 ámúpù, nítorí náà gbogbo ohun tí ẹ bá so mọ́ ẹsitẹ́nṣọ̀n kan kò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bí 3,000 wáàtì lápapọ̀. Kẹ́tùlù kan lè jẹ 2,000 wáàtì. Áyọ́ọ̀nù kan lè jẹ 1,000 sí 2,000. Ẹ so méjèèjì pọ̀, ẹrù lè ti pọ̀ jù nìyẹn, bí ihò tó wà lára àpótí náà tilẹ̀ tó mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú kò tún ní fúùsì rárá.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ara wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà sí i. 3 x 0.75 kò tó fún ẹrù wúwo. 3 x 1.25 tàbí 3 x 1.5 ni kí ẹ wá. Ẹ̀ta ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni iye wáyà tó wà nínú rẹ̀; nọ́ńbà kejì ń sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe nípọn tó. Bí ó bá jẹ́ 2 ni ẹ rí, tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ kẹta yẹn wà fún ojú lásán ni, kò lọ sínú ilẹ̀. Ẹni tó ń ra wáyà ní mítà-mítà lè fi ọ̀bẹ ha okùn kan nínú rẹ̀: bí inú bá funfun, alumíníọ́mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, ẹ má rà á. Èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà yẹ kí ó ní àmì MANCAP, èyí tí SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, máa ń fún ọjà tó bá yege.

Ẹ má ṣe ki ẹsitẹ́nṣọ̀n kan bọ inú òmíràn. Ẹ má ṣe tẹ́ rọ́ọ̀gì lé wáyà lórí. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ká wáyà rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ ni, ẹ tú gbogbo wáyà rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó lò ó, torí ooru inú wáyà tí a ká jọ kò rí ọ̀nà jáde. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí ẹ ń lọ aṣọ, ẹ yọ áyọ́ọ̀nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iná lè dé nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé.

Ilé adìẹ ni ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára jù sí. Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì, ọyẹ́ máa ń mú lóru ní Gwagwalada àti Kuje, òròmọdìẹ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sì nílò ooru tó tó 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréètì. Ẹni tó ń sìn wọ́n á fa ẹsitẹ́nṣọ̀n jáde láti ojú fèrèsé, á so gílóòbù ńlá rọ̀ sórí èérún pákó tó ti gbẹ fúrúfúrú. Omi ń dà nínú ìmumi, eku ń gé wáyà jẹ, eruku ọyẹ́ àti ìyẹ́ wẹ́wẹ́ ń kún inú ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kan àpótí ẹsitẹ́nṣọ̀n náà mọ́ ògiri, ní gíga àyà àgbàlagbà. Ẹ jẹ́ kí wáyà rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ inú rẹ̀, kí omi tó bá tọ̀ ọ́ lè kán sílẹ̀ dípò kó wọlé. Ẹ̀wọ̀n irin ni kí ẹ fi so gílóòbù rọ̀, kì í ṣe wáyà iná tirẹ̀. Ẹ fi àwọ̀n irin yí i ká, kó sì jìnnà sí èérún pákó tó 45 sẹ̀ńtímítà, ó kéré tán. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá eruku rẹ̀. Ẹni tó bá ń tọ́ òròmọdìẹ léraléra, ó sàn kó sanwó fún oníṣẹ́ iná láti fa ìlà tó dúró ṣinṣin lọ síbẹ̀, pẹ̀lú bírékà 30 mílíámúpù tó máa já fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò jáde láti inú wáyà. Owó rẹ̀ kò tó owó agbo adìẹ kan tó jóná.

Ẹ máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn tí ó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀. Bí ó bá gbóná, tàbí ihò rẹ̀ ti dúdú, tàbí ẹ gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹ má ṣe fi téèpù lẹ̀ ẹ́.

Bí iná bá sọ, ẹ pa mẹ́ìnì ilé kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ má ṣe da omi sí i. Yanrìn gbígbẹ ni kí ẹ dà sí i. Bí ó bá ti kọjá ohun tí garawa yanrìn kan lè pa, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ fi adìẹ sílẹ̀, kí ẹ pe 112.