Bí A Ṣe Ń Bá Áàpù Tí Kì Í Ṣiṣẹ́ Láìsí Íntánẹ́ẹ̀tì Lò

Ó máa ń súni gan-an kí kọ̀ǹpútà wà ní títàn, kí iṣẹ́ wà nílẹ̀, kí áàpù tí a fẹ́ fi ṣe é sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní ṣí nítorí pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Kí ẹ tó wá ojútùú, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí áàpù náà ń wá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì ń lọ geere, tí iṣẹ́ kò sì kánjú, ẹ pa Wi-Fi àti dátà, ẹ pa áàpù náà dé pátápátá, ẹ tún un ṣí, ẹ kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú fáìlì àtijọ́ kan, kí ẹ sì fi pamọ́. Bí áàpù bá ṣí ṣùgbọ́n tí fáìlì kò jáde, a jẹ́ pé fáìlì yín kò sí lórí ẹ̀rọ yín. Bí ó bá jẹ́ Google Docs, áàpù ìwé kíkọ ti Google, ẹ lọ tan Offline nínú Settings rẹ̀ lórí Chrome nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì ṣì wà, kí ẹ sì sàmì sí àwọn fáìlì tí ẹ máa nílò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn áàpù mìíràn kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ṣì ń sanwó ni, ìdánwò yìí kò sì ní fi wọ́n hàn. Microsoft 365, tó ní Word àti Excel nínú, yóò ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bí nǹkan bí oṣù kan bá kọjá láìjẹ́ pé ó kan sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ẹ lè ka fáìlì yín tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣí i lórí nẹ́tíwọ̀kì kí ẹ tó rin ìrìn-àjò gígùn.

Èyí tó le jù ni áàpù tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Nígbà tí SimCity, eré orí kọ̀ǹpútà kan, jáde ní oṣù kẹta ọdún 2013, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti sanwó kò rí i wọlé torí pé èrò pọ̀ jù lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà, ó sì tó nǹkan bí ọdún kan kí wọ́n tó lè ṣe é láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti The Crew, eré ìdíje ọkọ̀ kan, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí Ubisoft, ilé-iṣẹ́ tó ni ín, pa kọ̀ǹpútà tó ń gbé e ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, eré náà kò ṣeé ṣe mọ́ fún ẹni tó ti rà á. Irú èyí kò ní ọgbọ́n kan tí a lè dá sí i lẹ́yìn tí a bá ti rà á, nítorí náà ẹ dán an wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì máa kó iṣẹ́ yín jáde lóòrèkóòrè ní irú fáìlì tí áàpù mìíràn lè ṣí, bíi PDF tàbí docx. Bí ìwé kíkọ àti ìṣirò nìkan ni iṣẹ́ yín, ẹ gba LibreOffice, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, sórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ti gbà á tán, kò tún nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣí.