Bí Mo Ṣe Wọn Ara Mi Láì Lo Mítà Tàbí Kìlógíráàmù

Mo gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kọ 68 sí mi lójú. Mo bi ara mi pé, 68 kí ni? Mo mọ̀ pé kìlógíráàmù ni. Àmọ́ láti 1889 títí di oṣù karùn-ún 2019, irin kékeré roboto kan tí wọ́n tì mọ́lé nítòsí Paris ni gbogbo ayé ń pè ní kìlógíráàmù kan. Bí irin yẹn bá jẹ díẹ̀, èmi náà ti wúwo sí i nìyẹn, láì fi òkèlè kan kún oúnjẹ mi! Mítà ńkọ́? Àwọn ará Faransé ló pín ọ̀nà tó wà láti òpin àríwá ayé dé agbedeméjì rẹ̀ sí mílíọ̀nù mẹ́wàá, wọ́n sì mú ìpín kan. Ó wá ń wù mí láti mọ iye tí mo jẹ́ nínú òṣùwọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ gbẹ́.

Òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ wà. Max Planck, onímọ̀ fisíìsì ará Jámánì, ló gbé e kalẹ̀ ní 1899. Ó rí i pé àwọn iye kan kì í yí padà níbikíbi tí èèyàn bá dé: ìyára ìmọ́lẹ̀ (c), iye tó ń sọ bí òòfà tó ń fa nǹkan wálẹ̀ (gravity) ṣe lágbára tó (G), iye tí a fi orúkọ Planck fúnra rẹ̀ pè lónìí (h), àti iye Boltzmann (k) tó so ìgbóná mọ́ agbára. Tí a bá pò wọ́n pọ̀ bó ṣe yẹ, wọn á bí gígùn kan, àkókò kan, ìwúwo kan àti ìgbóná kan. Planck ní irú òṣùwọ̀n yìí á wúlò nígbà gbogbo, fún gbogbo ẹ̀dá, títí kan èyí tí kì í ṣe èèyàn.

Gígùn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo sọ h di ìlọ́po G, mo fi c³ pín in, mo wá gbòǹgbò rẹ̀ kejì. Ẹ̀rọ ìṣirò fún mi ní 4.05 × 10⁻³⁵ mítà. Mo wo inú àtẹ àwọn òṣùwọ̀n Planck, 1.616 × 10⁻³⁵ ló wà níbẹ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, 4.05 kò yẹ̀. Ó pẹ́ kí ojú mi tó là: lónìí, kì í ṣe h lásán ni wọ́n ń lò, bí kò ṣe ħ, ìyẹn h tí wọ́n fa igi la ọrùn rẹ̀, tí ó jẹ́ h tí a fi 2π pín. Èyí ló mú kí tèmi fi ìlọ́po 2.5 tóbi ju ti àtẹ lọ.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nígbà tí mo wo iye tí Planck fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ ní 1899, 4.13 × 10⁻³³ sẹ̀ǹtímítà ni, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tèmi dọ́gba. Òun náà kò pín nǹkan kan. Ibi tí mo ṣìnà dé, ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó la ọ̀nà náà dúró sí. Ṣùgbọ́n ó bà mí nínú jẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan ń sọ G di 1, àwọn mìíràn ń sọ 8πG di 1. Ọwọ́ èèyàn ṣì wà nínú òṣùwọ̀n tí mo rò pé kò ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo fara mọ́ ħ, mo ń bá ìṣirò lọ. Mo ga ní mítà 1.70, ìyẹn 1.05 × 10³⁵ nínú gígùn Planck. Ìmọ́lẹ̀ ń gba àtàrí mi dé àtẹ́lẹsẹ̀ mi ní àkókò tó jẹ́ pé, bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù, kò tó mẹ́fà nínú rẹ̀. Tí mo sọ àkókò yẹn di ti Planck, 1.05 × 10³⁵ kan náà ló jáde. Kì í ṣe èèṣì: níbi tí ìyára ìmọ́lẹ̀ bá ti jẹ́ 1, gígùn àti àkókò ti di ọmọ ìyá. Ìrìn ẹsẹ̀ mi, kìlómítà 5 ní wákàtí kan, wá di 4.6 × 10⁻⁹ lásán, láìsí orúkọ kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbóná ara kò gba àkókò, àfi pé mo kọ́kọ́ fi 37 ṣe é. Ó yẹ kí n ti fi 273 kún un kó di 310 kelvin, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń ka ìgbóná láti ibi tí òtútù kò ti lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èsì rẹ̀ jẹ́ 2.2 × 10⁻³⁰.

Ìwúwo ló yà mí lẹ́nu jù. Nínú gbogbo òǹkà kéékèèké àti ràbàtà wọ̀nyẹn, ìwúwo Planck nìkan ni ojú lè rí: 2.18 × 10⁻⁸ kìlógíráàmù. Hóró yanrìn tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin mìlímítà kan wúwo tó bẹ́ẹ̀. G ló fà á. Òòfà kò lágbára rárá, iye G kéré gan-an, ìsàlẹ̀ ni ó sì wà nínú ìṣirò ìwúwo. Tí a bá fi nǹkan kékeré pín, èsì á tóbi. Nínú ìṣirò gígùn, òkè ló wà, ìdí nìyẹn tí gígùn Planck fi kéré ju ohun tí ọkàn lè rò lọ. Proton kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ohun kín-ín-kín-ín tó wà nínú átọ́ọ̀mù, jẹ́ 7.7 × 10⁻²⁰ péré nínú ìwúwo yìí. Èmi jẹ́ 3.1 × 10⁹.

Agbára Planck náà bá èèyàn mu: nǹkan bíi joule bílíọ̀nù méjì. Bí ẹnì kan bá ń jẹ kìlókálórì 2,000 lójúmọ́, á gbà á ní ọjọ́ 234 kó tó jẹ ẹyọ kan tán.

Àwọn tó ń fi ìwúwo ṣòwò kò lè lò ó, nítorí pé G ni iye tó ṣòro jù láti wọ̀n dáadáa. Lẹ́yìn nọ́ńbà bíi márùn-ún, ìwúwo Planck kò dájú mọ́. Fún òṣùwọ̀n ilé mi, márùn-ún ti pọ̀ jù.

Ní ọjọ́ kejì mo tún gun òṣùwọ̀n, ó kọ 68.4. Hóró yanrìn mílíọ̀nù méjìdínlógún ni mo fi sanra láàárín òru kan.